Ìyá Tẹlifóònù àti Ìlà Tí Ọkùnrin Kan Gbé Dúró

Ìyá Tẹlifóònù kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì ló fún un lórúkọ náà, ó sì lẹ̀ mọ́ ọn débi pé ẹni tó bá fi orúkọ rẹ̀ gan-an béèrè rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, wọ́n á ní kò sírú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti jókòó nídìí ẹ̀rọ tẹlifóònù ńlá tó wà nísàlẹ̀ ilé náà, tó ń gba ìpè, tó ń so dókítà pọ̀ mọ́ wọ́ọ̀dù, tó sì ń so ẹni tó ń sunkún nílé pọ̀ mọ́ ẹni tó lè fún un lésì. Nígbà tí fóònù alágbèéká dé, tí olúkúlùkù ń fi tirẹ̀ sápò, wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ́. Díẹ̀ ló kù kí òun náà tẹ̀ lé e.

Dókítà tó ń tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì ní iṣẹ́ ìwádìí kan tó gbé sọ́kàn ju gbogbo ìyókù lọ. Irú jẹjẹrẹ kan wà tó ṣọ̀wọ́n, inú imú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá mú á kọ́kọ́ rò pé ọ̀fìnkìn lásán ni. Imú á dí, ẹ̀jẹ̀ á máa jáde díẹ̀díẹ̀, ojú á wú lápá kan, wọ́n á sì máa lo oògùn ọ̀fìnkìn títí ọ̀rọ̀ á fi kọjá bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá wá gbọ́ ohun tó ń ṣe wọ́n, ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn máa ń bi dókítà: ìgbà wo ló kù fún mi? Ó fẹ́ máa dá wọn lóhùn láìparọ́. Ohun tó ń wá ni bí òun ṣe lè wo ọjọ́ orí aláìsàn, kí òun wo bí àìsàn náà ṣe rìn jìnnà sí imú tó, kí òun wo bóyá kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí òun fún un ní àmì kan fún ohun kọ̀ọ̀kan tó burú nínú wọn, kí òun sì lè sọ pé nínú àwọn mẹ́wàá tí àmì wọn tó báyìí, iye báyìí ló ṣeé ṣe kó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún márùn-ún.

Èèyàn ò lè mọ ìyẹn láìmọ ẹni tó ṣì wà àti ẹni tó ti lọ. Ẹni tó bá sì gba ìtọ́jú tán, ilé rẹ̀ ló ń lọ, ọ̀pọ̀ wọn kì í padà wá mọ́. Ẹnìkan ní láti máa pè wọ́n. Bí Ìyá Tẹlifóònù ṣe rí iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, nínú yàrá kékeré kan lábẹ́ àtẹ̀gùn, tí fèrèsé rẹ̀ dojú kọ ògiri, tí fáànù inú rẹ̀ ti ṣẹ́ lọ́rùn, tí nọ́ọ̀sì kan sì fi báńdéèjì dì í bí ẹni di ọrùn aláìsàn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni dókítà tẹnu mọ́ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́: kó máa gbọ́ ohùn aláìsàn náà fúnra rẹ̀. Ó gbà. Bí aláìsàn bá sì gbé fóònù fúnra rẹ̀, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá gbé e, tó ní bàbá wà, ara wọn le, Ìyá Tẹlifóònù kì í lè sọ pé kí wọ́n gbé fóònù fún bàbá kí òun gbọ́. Lójú tirẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn pe obìnrin náà ní òpùrọ́ ni, tàbí bí ìgbà tó ń tọpinpin bóyá ikú ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ dé ibẹ̀. Nítorí náà, ó ní ọ̀nà tirẹ̀. Á kí wọn kúulé, á béèrè àwọn ọmọ, á béèrè òjò, á wá ní, “Bàbá ńkọ́? Ṣé wọ́n ti jẹun?” Lẹ́yìn náà, á dákẹ́, á máa fetí sí bí obìnrin náà ṣe ń mí. Ó gbà pé èémí kì í purọ́ fún òun. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun nìkan ló ń wá òkú kiri tó ń béèrè oúnjẹ.

Á ní, “Èmi ò tíì rí òkú tó jẹun rí. Bí wọ́n bá ti jẹun, kí ló tún kù tí ẹ fẹ́ kí n bi wọ́n?”

Lára àwọn tó kọ́kọ́ ń pè ni dírẹ́bà rélùwéè kan tó ti fẹ̀yìn tì. Ìpín tó burú jù ni dókítà fi í sí, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí àmì búburú tí kò ní. Ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé fóònù nígbà gbogbo, ìròyìn ò sì tán lẹ́nu obìnrin yìí rí. Bàbá wà lọ́dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń ráhùn pé tíì ti gbóná jù. Bàbá ní àwọn ọmọ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin nísinsìnyí ò mọ fèrè fọn, ńṣe ni wọ́n ń fọn ọ́n bí ẹni tí ebi ń pa. Bàbá ní kí òun kí obìnrin olóhùn dídùn yẹn. Ìyá Tẹlifóònù á ní kí wọ́n bá òun kí bàbá padà, kí wọ́n sì sọ fún wọn pé opó ni òun, kí wọ́n máa ṣọ́ ẹnu. Ìyàwó dírẹ́bà á rẹ́rìn-ín títí á fi wúkọ́.

Ọdún ń gorí ọdún. Nínú kọ̀ǹpútà dókítà, ìpín kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Lókè ni ìlà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí ẹnìkan bá sì ti kú, á sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, bí àtẹ̀gùn tó ń lọ sínú kòtò. Ìlà ìpín tó burú jù sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó dé ibì kan, ó sì dúró, ó ń lọ gbọọrọ. Dókítà fi ìka tọ́ka sí i fún Ìyá Tẹlifóònù lọ́jọ́ kan, ó ní dírẹ́bà yẹn nìkan ló gbé e dúró níbẹ̀. Àìsàn tí kì í ṣe èèyàn púpọ̀ ni, ẹnìkan ṣoṣo tẹ̀wọ̀n nínú rẹ̀. Inú obìnrin náà dùn bí ẹni pé ọwọ́ òun ni òun fi gbé ọkùnrin náà dání.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí imú àbúrò rẹ̀ fi dí.

Káfíńtà ni àbúrò rẹ̀ yìí, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, Ìyá Tẹlifóònù ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ọkùnrin náà di ẹ̀bi ru ìyẹ̀fun pákó. Ó ní ẹni tó bá ti ń fi ayùn ṣiṣẹ́ láti kékeré, imú rẹ̀ yẹ kó ti dí tipẹ́. Ìgbà tí Ìyá Tẹlifóònù rí ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ ìnujú rẹ̀ ni àyà rẹ̀ já. Ó fà á lọ́wọ́ dé ọ̀dọ̀ dókítà bí ẹni fa ọmọ iléèwé. Wọ́n gé ẹran díẹ̀ nínú imú rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n yà á ní fọ́tò láti orí dé ẹsẹ̀. Nígbà tí gbogbo èsì pé, ìpín dírẹ́bà náà ni wọ́n fi í sí.

Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún wọn. Ó ní nínú èèyàn mẹ́wàá tó bá rí báyìí, bóyá méjì ló ṣeé ṣe kó lo ọdún márùn-ún, ó sì ní kí wọ́n má gbàgbé pé agbo èèyàn ni iye yẹn ń bá wí, òun ò lè fi mọ ti ẹnìkan. Ó ṣàlàyé oògùn tí wọ́n á máa fà sí iṣan, àti ìtànṣán tí wọ́n á máa tàn sí imú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Káfíńtà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó dúpẹ́, ó dìde. Nígbà tí wọ́n dé ìta, ó ní òun ò ṣe. Ó ní òun ò lè máa bì fún oṣù mẹ́fà kí òun tó lọ síbi tí òun ń lọ tẹ́lẹ̀. Àwọn ilẹ̀kùn kan wà ní ṣọ́ọ̀bù tí òun fẹ́ parí.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó bínú sí i, ó gbé oúnjẹ lọ fún un, ó tún bínú. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ ló wá sọ ti dírẹ́bà fún un.

Káfíńtà gbé ojú sókè. “Irú tèmi gan-an ló ṣe é?”

“Irú tìrẹ gan-an. Àmì yín ò fi ọ̀kan ju ara wọn lọ.”

“Ó ṣì ń sọ̀rọ̀?”

“Kí ni ò ń sọ? Ó ń ráhùn.”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kí òun fi etí ara òun gbọ́ ìráhùn yẹn. Ọjọ́ tí òun bá ti gbọ́ ọ, òun á na apá fún wọn kí wọ́n gún un.

Báyìí ni Ìyá Tẹlifóònù ṣe pe ilé dírẹ́bà, tó sì béèrè ohun tí kò béèrè rí. Ó ní òun fẹ́ bá bàbá sọ̀rọ̀. Ìyàwó dírẹ́bà ní wọ́n ń sùn. Ó tún pè lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ nasẹ̀ ni. Nígbà tó tún pè, ọ̀nà ọ̀fun ló ń dun bàbá, wọn ò lè sọ̀rọ̀ sókè. Etí tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ gbọ́ ohun tó yẹ kó gbọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti gbà á. Nígbà tó di Sátidé, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ilé náà wà láàárín àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́ rélùwéè, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Obìnrin kékeré kan tó fi rólà ká irun apá kan orí ló ń bomi rin òdòdó inú agolo. Ó ní, “Ẹ ǹlẹ́ o, ta ni ẹ ń wá?” Ohùn náà ni Ìyá Tẹlifóònù fi mọ̀ ọ́n, nítorí lójú òye rẹ̀, obìnrin gìrìpá ló ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọdún yìí wá. Obìnrin náà sì mọ ohùn tirẹ̀ gbàrà tó kí i. Agolo tó fi ń bomi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àga onípákó kan wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Aṣọ tí wọ́n ká lórí okùn kún orí rẹ̀ dé ibi ìfẹ̀yìntì, àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti rún mọ́lẹ̀ tipẹ́. Ìyá Tẹlifóònù wo àga náà. Síbẹ̀, kò lè fi ẹnu rẹ̀ béèrè ju bó ṣe máa ń béèrè lọ.

“Bàbá ńkọ́?”

“Wọn ò sí mọ́,” ni ìyàwó dírẹ́bà wí. “Ó ti pẹ́ o, màmá. Ẹ ò tíì pè ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ nígbà yẹn.”

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ kó aṣọ kúrò lórí àga. Obìnrin náà ní ọjọ́ tí Ìyá Tẹlifóònù pè nígbà yẹn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sìnkú tán ni, àwọn èrò ti túká, àwọn ọmọ ti padà síbi iṣẹ́. Fóònù dún. Ẹnìkan béèrè bóyá bàbá ti jẹun.

“Ẹnu mi kàn sọ pé wọ́n ti jẹ ni. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ara tù mí títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ní bí ẹ bá tún pè, màá sọ òótọ́. Ẹ tún pè, ẹ ní ṣé tíì wọn ò gbóná jù lónìí.” Ó fi etí aṣọ nu ojú. “Kò sẹ́ni tó ń béèrè wọn lọ́wọ́ mi mọ́, màmá. Bí mo bá dárúkọ wọn, àwọn ọmọ á ní kí n gbé ọkàn kúrò. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń bi mí bí ẹni pé wọ́n wà nínú ilé.”

Inú kọ́kọ́ bí Ìyá Tẹlifóònù. Ó bínú fún ìwọ̀nba ìgbà tó lè gbà kí èèyàn mu omi kan, ó sì mu omi náà ní tòótọ́, nítorí obìnrin náà gbé e fún un. Lẹ́yìn náà, ó sọ ohun tó gbé e wá. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀, ìyàwó dírẹ́bà káwọ́ lérí, kò lè gbé ojú sókè mọ́. Ó ní òun ti fi ọkọ òun tan ọmọ ọlọ́mọ jẹ.

“Ẹ má sunkún,” ni Ìyá Tẹlifóònù wí. “Ọdún tí wọ́n lò lẹ́yìn ìtọ́jú ni kí ẹ sọ fún mi. Bó ṣe rí gan-an.”

Obìnrin náà sọ fún un. Ó ju ọdún kan lọ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn le, kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n kó tó dìgbà náà, bàbá máa ń rìn dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin láràárọ̀ lọ bá àwọn ọmọ yẹn jà nítorí fèrè. Imú rẹ̀ là. Lọ́jọ́ kan tí òun ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dá òun dúró, ó ní, “Ọṣẹ wo lo fi wẹ̀? Ó ti pẹ́ tí mo ti gbóòórùn rẹ gbẹ̀yìn.” Òun dúró síbẹ̀ kó lè tún gbóòórùn náà.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Tẹlifóònù jẹ́wọ́ fún dókítà. Dókítà ò bú u. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, ó mú dírẹ́bà kúrò láàárín àwọn alààyè, ìlà gbọọrọ náà sì já wálẹ̀ lójú àwọn méjèèjì. Dókítà ní, “Mo sọ fún yín pé kí ẹ máa gbọ́ ohùn.” Ìyá Tẹlifóònù ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún mi.” Dókítà wá ní òun náà jẹ̀bi, nítorí ìlà yẹn dùn mọ́ òun débi pé òun ò yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, Ìyá Tẹlifóònù tún gbogbo wọn pè láti ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń béèrè ohùn olúkúlùkù. Bàbá kan fi ìbínú gba fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, ó ní ṣé ó rò pé òun ti kú ni. Ìyá Tẹlifóònù ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ẹ ṣé tí ẹ já mi nírọ́.” Òkú mìíràn ò sí láàárín wọn.

Ti àbúrò rẹ̀ ló wá kù. Nọ́ọ̀sì kan tó fẹ́ràn rẹ̀ gbà á nímọ̀ràn pé ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ní ohùn àgbàlagbà, ó sì mọ ìráhùn ṣe ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ kó gba fóònù lẹ́ẹ̀kan péré, káfíńtà á na apá, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, ta ni á mọ̀? Ìyá Tẹlifóònù gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fún odidi ọjọ́ kan, kò sì fi tọkàntọkàn kọ̀ ọ́. Ohun tó dá a dúró ni pé bí ara bá wá ni àbúrò rẹ̀ láàárín ìtọ́jú, dírẹ́bà ló máa ní kí wọ́n tún pè fún òun.

Ó bá a ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń fá ojú ilẹ̀kùn kan. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìjókòó. Káfíńtà ò dáwọ́ dúró, fífá rẹ̀ kàn ń falẹ̀ sí i ni.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ purọ́ fún mi.”

“Wọ́n purọ́ fún mi, mo sì gbà á nítorí ó dùn.”

“Nígbà náà, kò sẹ́ni tó kù.”

“Àwọn kan wà tó gba ìtọ́jú lẹ́yìn rẹ̀, tí wọ́n ti kọjá ọdún kẹta. Mo gbọ́ ohùn wọn lọ́sẹ̀ yìí. Irú ẹni tí mo sọ fún ọ, tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, kò sí.” Ó wá sọ ti ọdún kan àti díẹ̀ náà fún un, ti ibùdó ọkọ̀, ti ọṣẹ, àti ti ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Kò yọ ọ̀kankan sílẹ̀.

Káfíńtà mú fèlè pákó kan nílẹ̀, ó gbé e sí imú, ó sì jù ú nù. Ó ní ojú nìkan ni òun fi ń mọ pákó láti ọjọ́ yìí, bí ẹni tó ń wo fọ́tò oúnjẹ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òun ò lè ṣèlérí pé ti imú náà á rí bẹ́ẹ̀ fún un.

“Ẹ má ṣèlérí kankan fún mi mọ́,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Àgbàlagbà náà rí ọdún kan gbà, ó fi bá àwọn ọmọ jà. Ìyẹn tó mi í lò. Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí n wá?”

Oògùn náà kò rọrùn, káfíńtà sì bì gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ. Ìyá Tẹlifóònù ṣì ń pe ìyàwó dírẹ́bà lọ́jọ́ ìsinmi rẹ̀, bí kò tilẹ̀ sí ohun tí dókítà máa fi ìpè náà ṣe mọ́. Ohun tí bàbá máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀ ló ń béèrè báyìí, obìnrin náà sì ń bi í bóyá àbúrò rẹ̀ ti lè jẹun.

Nígbà tó kan ìtànṣán, wọ́n fi ike oníhò wẹ́wẹ́ kan yọ àwòrán ojú káfíńtà, òun ni wọ́n á máa dé mọ́ ọn lójú lórí tábìlì kó má baà mi orí. Ó yẹ̀ ẹ́ wò tinútẹ̀yìn, ó ní ẹni tó ṣe é mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé e, tí wọ́n kàn án mọ́ tábìlì, tí kò lè la ẹnu mọ́, ẹ̀rù bà á, ó sì di etí tábìlì mú gírígírí. Gbogbo èèyàn ló ní láti jáde fi í sílẹ̀ kí ẹ̀rọ náà tó lè ṣiṣẹ́. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń darí ẹ̀rọ wo Ìyá Tẹlifóònù lẹ́yìn gíláàsì, ó sún ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan tó wà lórí tábìlì sí i, ó ní wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ bí wọ́n bá fẹ́, káfíńtà á gbọ́, kò kàn ní lè dáhùn ni.

Ó kí i kúùjókòó. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, òun ò kúrò níbẹ̀. Ó sọ pé ìyàwó káfíńtà ti se ọbẹ̀ sílé, ó sì ti fi iyọ̀ sí i jù bó ṣe máa ń ṣe. Ó sọ pé ẹni tó ni ilẹ̀kùn wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun lè dúró. Ẹ̀rọ ń yí lọ yíká orí ọkùnrin náà. Ọwọ́ tó di tábìlì mú náà rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ sórí aṣọ tábìlì. Ìyá Tẹlifóònù ò sinmi ọ̀rọ̀ títí iná pupa ara ògiri tó ń fi hàn pé ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ fi kú, tí wọ́n sì ṣílẹ̀kùn.